Ọ̀pá Ìfamu Inú Ìkòkò Kongai

Ilukol kò jókòó. Ó gbé ọ̀pá ìfamu náà kalẹ̀ sórí tábìlì mi bí ẹni gbé òkú ejò sílẹ̀, ó sì nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ ara ṣòkòtò.

"Afande, ẹ wò ó dáadáa. Inú ìkòkò Kongai ọlọ́tí ni wọ́n ti bá a láàárọ̀ yìí. Ṣé ẹ mọ ẹni tó ni ín?"

Mo mọ̀ ọ́n. Ìtàkùn gígùn tí èéfín àti ọwọ́ èèyàn ti sọ di dúdú, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró lọ́rùn rẹ̀, asẹ́ kékeré tí wọ́n hun sí ìdí rẹ̀ kí èèpo jéró má baà bá ọtí gòkè. Ìfamu Apolot ni. Ní Soroti níbí, ní ilẹ̀ Teso, èèyàn lè yá ọ ní kẹ̀kẹ́, ó lè yá ọ ní bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní yá ọ ní ìfamu tó fi ń mu ajono, ọtí jéró wa. Ẹnu ẹni ni.

"Apolot ti padà sídìí ọtí," Ilukol wí. "Ọ̀la ni àwọn àgbà ìdílé wa máa jókòó lórí ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ. Mo fẹ́ kí ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí. Ṣebí ẹ̀yin náà lẹ kó wọn fún mi níjọ́sí."

Òótọ́ ni. Èmi Asekenye, ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Afande, tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ ọmọdé àti ẹbí, èmi ni mo kó àwọn ọmọ Apolot lé Ilukol lọ́wọ́ nígbà tí a bá ìyá wọn nínú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà, tí kò mọ ọ̀sán yàtọ̀ sí òru. Ilukol ni àbúrò ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Àwọn àgbà wá sọ pé bí obìnrin náà bá lè fi ọtí sílẹ̀ fún ọdún kan gbáko, àwọn yóò dá àwọn ọmọ rẹ̀ padà fún un. Ọdún náà ti pé. Ìfamu rẹ̀ sì wà lórí tábìlì mi, ó ń rùn.

Ẹni tí àwọn ọmọ bá wà lọ́dọ̀ rẹ̀ ni yóò máa gbin ẹ̀pà sí ilẹ̀ bàbá wọn. Èyí náà wá sí mi lọ́kàn. Ṣùgbọ́n kéèyàn fẹ́ràn ilẹ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ tí wọ́n ń torí rẹ̀ ti èèyàn mọ́lé.

*

Mo bá Apolot níbi tó ti ń gé bíríkì, amọ̀ ti dé ìgúnpá rẹ̀. Mo sọ ohun tó gbé mi wá. Kò sunkún, kò sì búra. Ó kàn ń ki amọ̀ sínú pákó bíríkì lọ ní tirẹ̀.

"Ẹ wá gbóòórùn ẹnu mi," ó ní.

Mo sún mọ́ ọn. Àlùbọ́sà ni mo gbóòórùn.

"Ìyẹn ò lè tó ẹ̀rí lójú wọn," mo ní.

"Èmi náà mọ̀. Ẹni tó bá ti mutí rí, tó bá kọsẹ̀, wọ́n á ní ọtí ni. Tó bá rẹ́rìn-ín, ọtí ni. Tó bá dákẹ́, wọ́n á ní ó ń ro ti ọtí." Ó fi ọwọ́ gbá amọ̀ náà mọ́lẹ̀. "Afande, ẹ jẹ́ kí n bi yín ní nǹkan kan. Nígbà tí mo ṣì ń mu ún, mo gbàgbé owó, mo gbàgbé bàtà, mo tiẹ̀ gbàgbé ọmọ sọ́jà lọ́jọ́ kan. Ṣé ẹ gbọ́ ọ rí pé Apolot gbàgbé ìfamu ẹ̀ sínú ìkòkò?"

N kò gbọ́ ọ rí. N kò gbọ́ ọ nípa ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀mùtí tiwa lè ṣubú lé ìfamu rẹ̀ lórí, kó dìde, kó tún ṣubú, ṣùgbọ́n kò ní fi í sílẹ̀ sílé ọlọ́tí.

"Níbo wá ni ìfamu tìẹ wà?"

"Mo ti gbé e fún àwọn èèyàn mi."

"Àwọn èèyàn wo?"

"Àwọn tó jẹ́ kí n dìde. A jọ ń jókòó, a jọ ń sọ̀rọ̀, a jọ ń di ara wa mú. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ á fi ìfamu ẹ̀ sílẹ̀. Mi ò ní dárúkọ wọn, mi ò sì ní sọ ibi tí wọ́n wà. A ti ṣàdéhùn."

"Àwọn ọmọ rẹ ńkọ́? O lè pàdánù wọn lọ́la."

Ìgbà yẹn ni ọwọ́ rẹ̀ tó dúró. "Mo mọ̀. Ẹnì kan wà nínú wọn tí ọ̀gá ẹ̀ máa lé e níbi iṣẹ́ tí wọ́n bá gbọ́. Òun ló sùn sẹ́nu ọ̀nà mi nígbà tí gbogbo ara mi ń gbọ̀n. Ṣé kí n wá ta òun kí n lè fi ra àwọn ọmọ mi? Àwọn ọmọ yẹn á dàgbà, wọ́n á bi mí bí mo ṣe rà wọ́n. Tí ẹ bá fẹ́ rí wọn, ẹ lọ wá wọn. Ṣebí iṣẹ́ yín ni."

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí mi nínú. Ó sì tún wú mi lórí, èyí tó mú kí inú bí mi sí i. Ohun tí Apolot kò mọ̀ ni pé ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá àwọn èèyàn rẹ̀ yẹn, kì í sì í ṣe nítorí iṣẹ́ ọlọ́pàá.

*

Kongai ń fọ ìkòkò nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Obìnrin tó síngbọnlẹ̀ ni, ẹnu rẹ̀ kò sì mọ ọlọ́pàá yàtọ̀ sí ọmọdé.

"Afande Asekenye. Ọjọ́ mélòó kan rèé tí a ò rí yín. Òùngbẹ á ti máa gbẹ ìfamu yín. Ṣé kí n ta omi sí ìkòkò ni?"

"Iṣẹ́ ni mo bá wá."

"Gbogbo yín lẹ máa ń bá iṣẹ́ wá. Ọtí ló máa ń sìn yín lọ."

Mo bi í bóyá ó rí Apolot lánàá.

"Iná ti lọ. Orí àwọn èèyàn ni mo rí yí ìkòkò ká, mi ò rí ojú. Ta ló ń wo ojú ẹni tó ti sanwó?"

"Ta wá ló sọ pé Apolot wá síbí?"

"Ìfamu ló sọ bẹ́ẹ̀. Mo bá a nínú ìkòkò láàárọ̀. Mo ṣì ń rò ó pé ta ló lè ya wèrè débi pé ó gbàgbé ẹnu ẹ̀ síbí, ni Ilukol wọlé. Ó ní, 'Áà, ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn.'"

"Kí ni Ilukol ń wá níbí ní kùtùkùtù?"

"Ó ní òun gbàgbé fìlà." Kongai da omi ìkòkò nù. "Kò sí fìlà kankan níbí. Mi ò tiẹ̀ rí i kó dé fìlà rí."

Mo fi ìyẹn sápò. Ilukol ló ju ìfamu náà sínú ìkòkò, ọkàn mi kò ṣiyèméjì mọ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ta ló ti rí i? Bí Apolot bá ti gbé e fún àwọn èèyàn rẹ̀, á jẹ́ pé ẹnì kan nínú àwọn èèyàn náà ló mú un tà. Obìnrin yẹn ń fi àwọn ọmọ rẹ̀ dáàbò bo ẹni tó ti dà á.

*

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe rí wọn, nítorí ó dùn mọ́ mi.

Mo ti bi pásítọ̀ nígbà kan. Ó ní kí n gbàdúrà. Mo bi Nọ́ọ̀sì Alupo ní ilé ìwòsàn, pé ẹ̀gbọ́n mi kan ló ń wá ibi tí wọ́n ti ń ran ọ̀mùtí lọ́wọ́. Ó wò mí títí, ó ní òun kò mọ irú ibẹ̀. Mo lọ sílé, mo sì mutí lé ìtìjú náà.

Lọ́jọ́ yìí, mo fi ìbéèrè sílẹ̀, mo ronú. Ìgbà wo ni òùngbẹ ọtí máa ń pa ẹni tó ti fi í sílẹ̀? Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ìkòkò bá jáde. Ìrọ̀lẹ́ yẹn ni wọn yóò máa pàdé. Kí ni wọn yóò máa mu? Nítorí èèyàn Teso kò lè jókòó yí òfo ká, nǹkan kan gbọ́dọ̀ wà láàárín. Tíì ni, tíì sì ń fẹ́ omi gbígbóná. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ní ìrọ̀lẹ́, gbogbo omi gbígbóná àdúgbò wa ọ̀nà kan ló ń gbà: inú ìkòkò ajono ni wọ́n ń dà á sí, tí wọ́n á máa dà á léraléra títí jéró náà yóò fi tẹ́ lẹ́nu. Màmá Akurut ló ń se omi náà nínú àgbá, tó ń tà á fún àwọn ọlọ́tí.

"Màmá," mo bi í, "ta ló ń ra omi gbígbóná lọ́wọ́ yín tí kò ní ìkòkò ọtí?"

Ó fi aṣọ nu ojú tí èéfín ti tà. "Ejiku tó ń kan pósí. Fúláàsì ńlá méjì, ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì. Mo rò pé òkú ló fi ń wẹ̀ ni."

Mo rẹ́rìn-ín títí ìbàdí fi ro mí. Ilé pósí. Níbo tún ni ọ̀mùtí kò ní yà sí láéláé? Ọjọ́ náà sì jẹ́ ọjọ́ Ẹtì.

*

Pósí tí kò tíì ní ìdérí ni wọ́n fi ṣe bẹ́ńṣì. Àwọn tó jókòó tó bíi mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án, mo sì mọ ìdajì wọn. Tíṣà tó ń kọ́ ọmọ àbúrò mi ní ìṣirò wà níbẹ̀. Apolot wà ní igun, amọ̀ ṣì wà ní ìgúnpá rẹ̀. Ẹni tó ń bu tíì sí ife ni Nọ́ọ̀sì Alupo tí kò mọ irú ibẹ̀.

Ejiku dìde, òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀. "Afande, ta lẹ wá mú?"

"Mo wá bèèrè ọ̀rọ̀ ìfamu Apolot. Ta ló ní kọ́kọ́rọ́ ibi tí ẹ kó wọn sí?"

"Èmi ni. Ṣùgbọ́n a kì í béèrè ọ̀rọ̀ níbí. Ẹni tó bá wọlé á jókòó, á sì sọ tiẹ̀. Tí kò bá ní tiẹ̀, ọ̀nà rèé."

"Ọlọ́pàá ni mí."

"A rí aṣọ yẹn. Aṣọ ò kúkú ń mutí. Ìwọ ńkọ́?"

Kò pè mí ní "ẹ" mọ́. Mo lè lọ kó àwọn ọlọ́pàá ẹgbẹ́ mi wá, kí a fọ́ àgádágodo náà. Ó ṣe mí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wọn ń wò mí, ẹnikẹ́ni kò sì gbójú kúrò. Mo jókòó sórí pósí.

"Asekenye lorúkọ mi," mo ní. "Mo ń mutí. Ìfamu mi wà nínú àjà ilé mi. Mo ti bú u, mo ti gbé e pa mọ́ fún ara mi, mo sì ti tún lọ wá a jáde. Èmi nìkan ni mo ń bá a jà, òun ló sì ń borí. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni káàánú mi."

"Ta ló fẹ́ káàánú rẹ?" Alupo gbé ife tíì kan fún mi. "Ṣúgà ti tán. Mu ún bẹ́ẹ̀."

"Àìrìn pọ̀ ejò ló ń jẹ ejò níyà," Ejiku wí, ó sì gbé òòlù sílẹ̀. "Káàbọ̀."

Lẹ́yìn náà ni oníkálukú sọ tirẹ̀. Ohun tí mo gbọ́ níbẹ̀ kò kàn yín.

*

Nígbà tí wọ́n parí, Ejiku ṣí pósí kékeré kan ní ẹ̀yìn ilé, ó sì gbé ìdì ìfamu jáde. Ó tú okùn rẹ̀. Ìfamu Apolot wà níbẹ̀.

Mo gbà á. Ìtàkùn dúdú, ìlẹ̀kẹ̀ aláwọ̀ aró. Asẹ́ ìdí rẹ̀ nìkan ni kò sí.

"Ọwọ́ ara rẹ lo máa fi gé e lọ́jọ́ tí o bá dé," Apolot wí. "Tí o bá wá fi í mutí lẹ́yìn ìyẹn, èèpo jéró á dí i, o ò ní rí nǹkan kan fà."

Mo yọ ti inú ìkòkò Kongai nínú àpò mi, mo gbé e tì í. Àwọn méjèèjì jọra bí ọmọ ìyá. Ẹnikẹ́ni kò ta ẹnikẹ́ni níbí. Mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ Ejiku nínú ọkàn mi, nítorí kò rọrùn fún mi láti tọrọ rẹ̀ lójúkojú.

"Apolot, ta ló ṣe tìẹ fún ọ?"

"Esabu, ọkọ mi. Ọdún ìgbéyàwó wa ló gé e…" Ó wo àwọn ìfamu náà. "Méjì ló gé. Ara ìtàkùn kan náà ni. Ìlẹ̀kẹ̀ kan náà ló fi sí wọn, ó ní kí gbogbo ẹni tó bá jókòó yí ìkòkò ká lè mọ̀ pé ọ̀kan ni wá."

"Níbo ni tiẹ̀ wà?"

"Nígbà tó kú, Ilukol ló gba àga ẹ̀ àti ìfamu ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nínú ìdílé wọn nìyẹn."

Gbogbo rẹ̀ wá tò fún mi. Ó ti tó ọdún kan tí ẹnikẹ́ni kò rí ìfamu lọ́wọ́ Apolot mọ́. Ilukol kíyè sí i pẹ̀lú. Ó mọ̀ pé bí òun bá mú ti ẹ̀gbọ́n òun wá, Apolot kò ní rí tirẹ̀ fi hàn. Bí ó bá sì wà lọ́wọ́ ẹnì kan níbì kan, onítọ̀hún kò ní lè jáde láì jẹ́ pé ó tú ara rẹ̀ fó. Kì í ṣe irọ́ nìkan ni ọkùnrin yẹn gbẹ́kẹ̀ lé. Ìtìjú wa ló gbẹ́kẹ̀ lé.

"Tí mo bá mú èyí síwájú àwọn àgbà lọ́la," mo ní, "wọ́n á bi mí níbi tí mo ti rí i."

"Rárá," Apolot wí. "Ẹ dá a padà sínú pósí. Mo ti sọ pé mi ò ní ta ẹnikẹ́ni."

"Ta ló ní kí o tà wá?" Alupo gbé ife tó ń nù sílẹ̀. "Èmi ni mo ni ìtìjú mi, tó bá wù mí mo lè pọ̀n ọ́n jó. Nígbà tí mo ń mutí, gbangba ni mo ti ń mu ún. Kí ló wá dé tó jẹ́ ìgbà tí mo fi í sílẹ̀ ni mo ń sá pa mọ́?"

Tíṣà ló kọ́kọ́ nawọ́ sí ìdì náà, ó sì fa tirẹ̀ yọ.

*

Abẹ́ igi àjàgbọn ni àwọn àgbà jókòó sí. Papa Omongole, olórí ìdílé, wà láàárín. Àwọn ọmọ náà jókòó ti ìyàwó Ilukol, ojú wọn wà nílẹ̀. Àwọn aládùúgbò ti pé yí wọn ká, Kongai wà nínú wọn.

Ilukol mọ ọ̀rọ̀ sọ. Ó sọ ti kòtò ẹ̀bá ọ̀nà, ó sọ ti ebi àwọn ọmọ. Ó ní kí n gbé ìfamu náà sílẹ̀ kí gbogbo ènìyàn rí i, mo sì gbé e sílẹ̀.

"Tó bá jẹ́ pé irọ́ ni mo pa," ó wí, "kí ó gbé ìfamu tiẹ̀ jáde. Ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn."

"O gbọ́?" Papa Omongole bi Apolot. "Ṣé ó wà?"

"Ó wà, bàbá. Ó ń bọ̀ lọ́nà."

Àwọn èèyàn yí ojú sọ́nà. Ejiku ló ṣíwájú, ìdì ìfamu wà ní èjìká rẹ̀. Tíṣà tẹ̀ lé e, àwọn tó kù sì tò tẹ̀ lé wọn. Alupo wọ aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀. Àyè wà fún un láti pààrọ̀ rẹ̀, kò pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹnì kan pòṣé. "Ẹ wò ó, ẹgbẹ́ ọ̀mùtí."

"Ẹgbẹ́ àwọn tí kò mu mọ́," Ejiku dá a lóhùn. "Ẹ pè é dáadáa. Kò sí èyí tí kò ní wá bá mi ra pósí nínú yín, ẹ má bà mí nínú jẹ́."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Apolot fa ìfamu rẹ̀ yọ nínú ìdì náà, ó kúnlẹ̀, ó sì gbé e síwájú bàbá. Mo gbé èkejì tì í.

"Bàbá," mo ní, "ẹ̀yin lẹ mọ Esabu. Ẹ bá wa wò ó."

Arúgbó náà gbé àwọn méjèèjì, ó fi àtàǹpàkò wọ́ wọn láti orí dé ìdí. "Ìtàkùn kan ni. Ọwọ́ Esabu ni. Ilukol, ìwọ lo gba ìfamu ẹ̀gbọ́n rẹ. Lọ gbé e wá."

Ilukol kò mira. "Ikán ti jẹ ẹ́, bàbá."

"Kò burú," mo ní. "Ikán kì í jẹ ìlẹ̀kẹ̀. Lọ kó ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ wá."

Ilukol wo ìyàwó rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ sì wo apá ibòmíràn. Kongai ló bá a sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn: "Àbí inú fìlà yẹn ló wà?"

Papa Omongole kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé ìfamu tó wá láti inú ìkòkò sókè. "O mú ẹnu òkú," ó wí, "o kì í bọ ìkòkò ọlọ́tí, nítorí ilẹ̀ ẹ̀pà. Ẹnu ẹ̀gbọ́n rẹ. Jókòó, Ilukol. Dúró dìgbà tí a bá kàn ọ́." Ó kọjú sí àwọn ọmọ. "Ẹ bá ìyá yín lọ."

Apolot kò tíì dìde lórí eékún rẹ̀ tí ọmọbìnrin àgbà fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó gbé ìmú sún mọ́ ẹnu ìyá rẹ̀, ó gbóòórùn rẹ̀ bí èmi náà ti ṣe, ó sì gbé orí lé e láyà. Èkejì ń sáré bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Apolot tó kọ̀ tí kò sunkún látàárọ̀ àná wá sunkún, kò sì bo ojú.

Mo rò pé ó ti parí. Ṣùgbọ́n Papa Omongole ń wò mí.

"Afande, ìwọ tí o kó wọn wá. Kí ni ìwọ jẹ́ nínú wọn?"

Mo lè sọ pé ọlọ́pàá ni mí, òótọ́ ni ìbá sì jẹ́. Mo kiwọ́ bọ àpò, mo fa ìfamu tèmi jáde. Òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni mo ti yọ ọ́ ní àjà.

"Ẹni tó dé kẹ́yìn ni mí, bàbá."

Ejiku na ọ̀bẹ rẹ̀ sí mi. Asẹ́ náà le, mo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bàtà ìjọba, mo sì gé e lójú gbogbo wọn.

"Oníbàárà mi gidi nìyẹn o," Kongai wí.

"Ọjọ́ Ẹtì, ilé Ejiku," mo dá a lóhùn. "Gbogbo ayé ti mọ ibẹ̀ báyìí. Tí o bá ń bọ̀, mú ṣúgà dání."